Agbẹ́gilére Tí Àwọn Ará Amẹ́ríkà Pè Ní Olùkọ́

Bí a bá gbọ́ pé yunifásítì òkè òkun pe ọmọ Yorùbá kan láti wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé onítọ̀hún ti ní láti kàwé kàwé, kí ó sì gba oyè lé oyè. Ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹnì kan wà tí ó jẹ́ pé àáké àti ọ̀bẹ ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọmọ Òsì sì ni ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, Òsì tí ó jẹ́ aládùúgbò wa níhìn-ín ní Ìdòfin.

Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí i, ní ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran. Ó ti mọ igi í gbẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn Fadá ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ sí ní 1947, tí Fadá Kevin Carroll sì ń bójú tó o. Níbẹ̀ ni ó ti bá Bándélé pàdé, ọmọ Aréògún ará Òsì, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Lámídì fi ṣe ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ agbẹ́gilére ni, ó sì lè sọ pé òun mọ iṣẹ́ bàbá òun. Síbẹ̀ ó gbà láti tún jókòó sílẹ̀ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni òun, Fadá ni ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́, ọwọ́ tí ó sì ti ń gbẹ́ ère fún àwọn olórìṣà ni wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìjà ẹ̀sìn ṣáájú ni, iṣẹ́ náà ì bá ti parun mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní 1962 ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ó sì lọ sí Paris. Láàárín àwọn ọdún 1960 kan náà ni Western Michigan University, ní ìlú Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, pè é pé kí ó wá máa gbẹ́gi lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa kọ́ wọn. Ìgbà tí ó lọ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Kí ni ojú olùkọ́ àlejò máa ń rí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀? Èkíní ni òtútù. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń jà wá níhìn-ín tí a ń wá aṣọ bora, yìnyín ti bo ilẹ̀ lọ́hùn-ún funfun báláú. Ní oṣù December, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn tó ń yọ ní Kalamazoo, kí ó sì tó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé wa bá ń jáde ìsinmi ọ̀sán ní agogo méjìlá, agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni níbẹ̀, olùkọ́ àlejò náà kò tíì jáde nílé. Kò sí igi ọmọ̀ tí agbẹ́gilére wa fẹ́ràn nínú igbó wọn. Igi ilẹ̀ wọn ni yóò máa fi ọwọ́ dán wò títí yóò fi mọ ìwà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì lè pe olùkọ́ ní orúkọ àbísọ rẹ̀ láìní i lọ́kàn láti rí i fín. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé àṣà wọn ni yóò máa bínú lójoojúmọ́.

Èkejì ni bí a ṣe ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ́ àtimáa fi lẹ́ẹ̀dì ya nǹkan sórí ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi. Ti agbẹ́gilére wa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú igi fúnra rẹ̀ ni ó ti ń rí ère. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Ọnà lílé ni ti àkọ́kọ́: àáké ni a fi ń gé igi tí a ó fi mọ ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ jáde. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ń mú ara ère jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó kẹ́yìn, èyíinì ni kí a fi ẹnu ọ̀bẹ kọ irun, ilà ojú àti aṣọ. Ẹni tí ó bá kánjú fín kí ó tó dán, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Bí àjèjì bá sì béèrè ìdí tí a fi ń gbẹ́ orí tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe rí lọ, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti di ẹ̀kọ́ nípa Yorùbá: orí ni olú, òun ni àyànmọ́ ẹni wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí yunifásítì Ifẹ̀ náà jí, wọ́n gba Lámídì síṣẹ́ ní 1978. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Oduduwa Hall níbẹ̀ ní 1987. Ó kú ní December 2009.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní Òdò-Ọwà, ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀ wa yìí, ni Bámigbóyè ti gbé ayé, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn agọ̀ Ẹpa ńláńlá tí alágbára nìkan lè rù jó. Ní àwọn ọdún 1930 ìjọba gbà á kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Òmù-Àrán ní iṣẹ́ igi. Ó ti kú tipẹ́ kí Yale University ní Amẹ́ríkà tó kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ fún gbogbo ayé wò, láti September 2022 sí January 2023.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Mo béèrè nínú kíláàsì mi pé ta ni ó ti rí agbẹ́gilére níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ rí. Ọwọ́ méjì péré ni ó nà sókè. Ọmọ tí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́ àwọn baba rẹ̀ lónìí, òkè òkun ni apá kan nínú rẹ̀ wà. Àwọn òbí a máa sọ fún mi pé, “Tíṣà, ẹ má kọ́ ọmọ mi ní iṣẹ́ igi, iṣẹ́ ìjọba ni mo fẹ́ kí ó ṣe.” Mi ò bá wọn jà, èmi náà ń jẹun nídìí ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé àti ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí àgbà kan tí ó mọ igi gbẹ́ bá ṣẹ́kù ní ìlú yín, ẹ pè é wá sí iléèwé ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má béèrè sàtífíkéètì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó pe Lámídì kò wo ìyẹn. Ẹ sì fún un lówó, nítorí pé iṣẹ́ ni ó wá ṣe. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn tuntun tàbí àpótí fún ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ fín nǹkan sí i lára, kí ẹ san owó rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Owó ni ó ń mú kí ọmọṣẹ́ dúró ti ọ̀gá.

Àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní pẹ́ lọ mọ́. Àgbà kan kì í sì kú kí ó fi ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí àjà fún ọmọ láti wá mú. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè di àáké mú.