Kọ̀nà, eruku àti táyà: ohun tí mọ́tò rìmóòtù ń fi hàn ní Sabon Gari

Ẹ ra mọ́tò rìmóòtù fún ọmọ ní ọjà Sabon Gari, ní Kánò, kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà á lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbá mọ́. Mọ́tò náà á máa yà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó gbé e jáde síta, kó fi eré kan náà wọ kọ̀nà kan náà. Ìdí mọ́tò á gbá lọ, á pòòyì, á kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ á ní mọ́tò òun ti bàjẹ́. Mọ́tò kò bàjẹ́. Ilẹ̀ ló yí padà lábẹ́ táyà.

Ohunkóhun tó bá ń sáré, ọ̀kánkán ló fẹ́ máa lọ. Rábà tó di ilẹ̀ mú nìkan ló ń fà á wọ kọ̀nà, ojú ibi tí táyà mọ́tò ìṣeré bẹ́ẹ̀ sì ti fara kan ilẹ̀ lè má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìdìmú yìí ní ìwọ̀n. Ó dà bí owó tí obìnrin so mọ́ etí ìró lọ sọ́jà: èyí tó bá ná nídìí ata, kò lè tún fi ra ẹran. Ohun mẹ́ta ni táyà ń fi ìdìmú rẹ̀ rà: kí mọ́tò dúró, kí eré rẹ̀ pọ̀ sí i, kí ó yà. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì pátápátá nínú kọ̀nà ti ná gbogbo owó náà sórí dídúró. Táyà iwájú lè dojú kọ ọ̀tún bó ṣe wù ú, ọ̀kánkán ni mọ́tò á máa lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò rìmóòtù díje fi ń dín eré kù nígbà tí mọ́tò ṣì dúró ní ọ̀kánkán. Wọ́n á wá láti ẹ̀gbẹ́ ìta, wọ́n á fara ro inú kọ̀nà, wọ́n á tún jáde sí ẹ̀gbẹ́ ìta, kí kọ̀nà lè fẹ̀ sí i. Ìgbà tí mọ́tò bá ń nà padà ni wọ́n tó ń fi eré kún un. Ọmọ tí ẹ̀rù bà láàárín kọ̀nà, tó jáwọ́ lójijì, òun ni mọ́tò rẹ̀ máa ń pòòyì jù, nítorí ìwúwo á ṣí wá sí iwájú, táyà ẹ̀yìn á sì fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní kọ̀nà tó jẹ́ apá òbírí kan tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí ìdìmú ilẹ̀ bá tó ìdá 8 nínú 10 ìwúwo mọ́tò, eré tó lè gbé kọjá kò ju kìlómítà 14 ní wákàtí kan lọ. Tí eruku bá gé ìdìmú náà sí ìdajì, ó di kìlómítà 10. Ẹ fi eré ìlọ́po méjì wọ kọ̀nà, ìdìmú ìlọ́po mẹ́rin ni yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Eruku Kánò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé e wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ tipẹ́. Ó ń bọ́ sáàárín rábà àti ilẹ̀, ó ń yí gbirigbiri níbẹ̀. Òtútù àárọ̀ á tún mú kí rábà le, kò ní lè wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀dà.

Ìdìmú tó pọ̀ jù náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn tó ń díje lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n dáadáa: táyà di ilẹ̀ mú kò yọ̀, mọ́tò dojú dé. Àwọn kan máa ń fi gúlù pa ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú kí ó lè yọ̀ díẹ̀.

Èyí gan-an ló mú mi ronú sí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí wọ́n ń pè ní A Daidaita Sahu ní Kánò, láti orúkọ ètò kan nígbà ìjọba Ibrahim Shekarau. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2013, òun ló gba ìgboro, títí kan New Road àti Enugu Road ní Sabon Gari. Táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, òrùlé lókè, èrò nínú. Lórí ọ̀dà tó mọ́, ó lè dojú dé kí táyà rẹ̀ tó yọ̀. Bíréèkì nínú kọ̀nà ló burú jù fún un, torí ìwúwo á ṣí síwájú, síbi tí táyà kan ṣoṣo wà, níbi tí kẹ̀kẹ́ náà kò ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tó ẹ̀yìn.

Èrò tó bá fẹ́ sọ "a hankali", ìyẹn "rọra" ní èdè Hausa, fún awakọ̀, kó tètè sọ ọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ọ̀kánkán. Bó bá pariwo nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí bíréèkì ni ẹsẹ̀ awakọ̀ máa kọ́kọ́ lọ.