Wọ́n wà lókè òpó, ọ̀gá ń fi fóònù lé wọn: Ohun tó ń bí àwọn tó ń tún iná ṣe nínú rèé o

Bí oòrùn bá mú ganrín-ganrín, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó gun òpó iná, tó so bẹ́líìtì mọ́ ìdí, ẹ ó rò pé wáyà iwájú ẹ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Rárá o! Fóònù tó ń dún lápò ẹ̀ gan-an ni wàhálà.

"Níbo lo bá iṣẹ́ dé?" "Kí ló ń pẹ́ ẹ lórí òpó kan ṣoṣo?" "Ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá!" Ọ̀gá kan ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí òmíràn á tún fi pè, ìbéèrè kan náà ló sì máa bi í. Bó bá gbé e, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí kò bá gbé e, wọ́n á ní ó ń yájú, kúẹ́rì á ti máa dúró dè é ní ọ́fíìsì. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Àwọn ará àdúgbò ti yí òpó ká, wọ́n ń bú "àwọn NEPA", bẹ́ẹ̀ NEPA ti di PHCN látọdún 2005, ìjọba sì ti gbé iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ lóṣù kọkànlá, ọdún 2013.

Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni pé ẹni tó ń pàṣẹ ò sí níbẹ̀. Kéèyàn tó fọwọ́ kan wáyà, ó gbọ́dọ̀ pa iná, kó ti ibi tí wọ́n ti ń tàn án pa, kó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ṣì kù níbẹ̀, kó sì so wáyà náà mọ́ ilẹ̀. Ìdí ni pé ẹnì kan lè tan jẹnẹrétọ̀ nílé láìyọ ilé ẹ̀ kúrò lára iná NEPA. Iná yẹn á gba wáyà padà, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di ńlá, á sì pa ẹni tó wà lókè. Ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ò lè rí jẹnẹrétọ̀ yẹn, àmọ́ "ṣe kíá" tó ń pariwo lè mú kéèyàn fo ìgbésẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Julian Orr tẹ̀ lé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ṣe fún iléeṣẹ́ Xerox káàkiri, ó sì kọ ìwé lórí ẹ̀ lọ́dún 1996. Ó rí i pé ìwé ìlànà tí iléeṣẹ́ fún wọn ò lè sọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bà jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó jẹun, tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀rọ tó yọ wọ́n lẹ́nu fúnra wọn, ni wọ́n ti ń kọ́gbọ́n. Nígbẹ̀yìn, Xerox pàápàá ṣètò kan tí wọ́n pè ní Eureka, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ fún ara wọn.

Kì í ṣe pé kí ọ̀gá má bèèrè o. Àwọn kan wà tó ń fiṣẹ́ ṣeré, àwọn kan sì ń gbowó ẹ̀yìn lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo máa pè, kó pè kí òṣìṣẹ́ tó gòkè àti lẹ́yìn tó bá sọ̀kalẹ̀. Kó lọ yẹ iṣẹ́ tó ti parí wò. Kó sì kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ bóyá ó fún un ní fíúùsì, ìbọ̀wọ́ àti àkàbà. Ẹni tí ò rí fíúùsì gbà, ìgbà wo ni yóò ṣe tán?

Àwọn àgbà ní ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lókè òpó lo ojú tiẹ̀. Wáyà tó já ṣeé so, ẹ̀mí ò ní dúpílíkéètì.