Ta Ni Ó Ni Ọpọ́n? Àlàyé Lórí Ipò tí Eré Wà Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Ọ̀rọ̀ eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́ yóò jẹ́rìí sí i pé ihò 12 àti ọmọ ayò 48 tó láti kọ́ ènìyàn ní ìṣirò, sùúrù àti ìfura. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ayò tí a kì í sábà kíyè sí: kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni í. Bí ọpọ́n kan bá là, ẹlòmíràn yóò gbẹ́ tuntun. Bí kò bá sì sí ọpọ́n rárá, àwọn ọmọdé a gbẹ́ ihò sí ilẹ̀, wọn a sì máa ta ayò wọn lọ.

Eré orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni a ṣe fún ọpọ́n ẹnì kan ṣoṣo, èyí ni Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft. Báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó ní ọpọ́n mìíràn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí Linux jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ètò kan tí ó ń darí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ó sì ń fún àwọn ètò yòókù ní àyè láti ṣiṣẹ́. Ètò adarí ni n ó máa pè é níhìn-ín. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux jẹ́ òmíràn. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Kò fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni onírúurú ẹ̀yà Linux fi jáde. Ubuntu, tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn, jáde ní 2004 láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àjèjì ni Linux sí wa. Lórí Linux ni a kọ́ Android tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Tecno àti Infinix. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣeré ní Ìjìó ti ń lo Linux láìmọ̀. Ṣùgbọ́n eré tí a ṣe fún Android yàtọ̀ sí èyí tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà, ti kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá nísinsìnyí ni pé ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, ìbáà ṣe ní Ìjìó, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí. Linux lè mú kí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọdún púpọ̀ sí i láìná owó lórí ètò adarí. Síbẹ̀, bí a bá fi Linux lọ ọ̀dọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Ṣé géèmù mi yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?” Bí a bá dáhùn pé rárá, ó lè yàn láti dúró sórí Windows tí a kò tọ́jú mọ́, kí ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Láyé àtijọ́, rárá ni ìdáhùn náà sábà máa ń jẹ́. Lóòótọ́, ní 1994 ni eré Doom ti dé orí Linux, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó jáde. Ní 1998 ni a dá ilé-iṣẹ́ Loki sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa tún eré Windows kọ fún Linux, ṣùgbọ́n ní 2002 ó kógbá wọlé. Ẹni tí ń ṣe eré wo ọjà, kò rí oníbàárà. Ẹni tí ń ra kọ̀ǹpútà wo Linux, kò rí eré. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Valve, tí ó ni ọjà eré tí à ń pè ní Steam, mú ọjà rẹ̀ wá sórí Linux ní 2013, ìṣòro kan náà ni ó bá pàdé. Àwọn kọ̀ǹpútà eré tí ó gbé jáde pẹ̀lú Linux ní 2015 kò tà, nítorí eré orí wọn kò tó nǹkan.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ògbufọ̀. Àwọn ará Ìjìó yóò tètè lóye èyí, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọ̀wà tí ìlú wọn wà nínú rẹ̀ bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. A ń gbọ́ Yorùbá ní ìhà méjèèjì ààlà náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìjọba ti ìhà ìhín, Faransé sì ni ti ọ̀hún. Ẹni tí ó mú ìwé ìhín dé ọ̀hún kò ní láti lọ tún ayé rẹ̀ wá. Ẹni tí yóò bá a túmọ̀ ìwé náà ni ó nílò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti eré tí a kọ fún Windows. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ètò adarí: ṣí ìwé yìí fún mi, mú ohùn yìí jáde, ya àwòrán yìí sójú kọ̀ǹpútà. Èdè Windows ni ó fi ń béèrè. Ní 1993 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ètò tí à ń pè ní Wine, tí yóò máa gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, tí yóò sì máa bá Linux sọ ọ́ ní èdè tí ó yé e. Iṣẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di 2008 kí wọ́n tó lè pe èyí tí wọ́n ṣe ní ẹ̀dà kìn-ín-ní. Ní 2018, Valve fi Wine ṣe ìpìlẹ̀ Proton, ó sì fi ògbufọ̀ mìíràn, DXVK, kún un fún ọ̀rọ̀ àwòrán: èyí ń túmọ̀ Direct3D ti Windows sí Vulkan tí Linux gbọ́. Nítorí pé ìtumọ̀ nìkan ni a ń ṣe, tí a kò fi kọ̀ǹpútà kan sínsín kọ̀ǹpútà mìíràn jẹ, ìyára tí a ń pàdánù kò pọ̀. Àwọn tí ó ṣe eré náà kò sì ní láti tún un kọ.

Nígbà tí Valve gbé Steam Deck jáde ní 2022, ẹ̀rọ eré àfọwọ́mú tí ó ń lo Linux, ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré Windows ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2025, ìwádìí Steam fúnra rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ń lo Linux láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdá náà kéré, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bọ̀ jìnnà.

Síbẹ̀, oníbodè wà lójú ọ̀nà. Nínú eré tí a ń bá ẹlòmíràn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan a máa ṣe òjóró. Nítorí èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi gba ẹ̀ṣọ́ òjóró, ètò kan tí ó ń wọ inú lọ́hùn-ún ètò adarí láti yẹ ẹrù gbogbo ènìyàn wò. Lórí Linux, onílé lè tún ilé rẹ̀ kọ́ bí ó ti wù ú, nítorí náà oníbodè kò fọkàn tán an. Láti 2021 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tí ó gbajúmọ̀ ti lè bá Proton ṣiṣẹ́, bí ẹni tí ó ni eré bá fún wọn láṣẹ. Ọ̀pọ̀ kò sì fún wọn. Apex Legends tí ó ti gba Linux tẹ́lẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ìparí Oṣù Kẹwàá 2024. Èyí tí yóò dun àwọn ọ̀dọ́ wa jù ni ti bọ́ọ̀lù: láti orí FIFA 23 tí ó jáde ní 2022 ni ilé-iṣẹ́ EA ti fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí eré bọ́ọ̀lù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ṣọ́ náà kò sì gba Linux. A kò lè sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò ní ẹjọ́ rò, nítorí òjóró ń ba eré jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe òjóró ni ó ń jẹ̀bi níbẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti ọjọ́ orí. Ògbufọ̀ àwòrán tí mo sọ ń fẹ́ Vulkan, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, tí kò sì ní káàdì àwòrán ọ̀tọ̀, kò ní in dáradára. Ìṣòro kẹta ni dátà: eré ńlá kan lè gba ọgọ́rùn-ún gígábáìtì, ẹni tí ó ń ra dátà sórí fóònù kò sì ní fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ gba eré.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn eré kan wà tí a ṣe fún Linux láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí àkọsílẹ̀ wọn sì wà ní gbangba bíi ti Linux fúnra rẹ̀: SuperTuxKart fún eré ìje, Battle for Wesnoth fún ogun ọlọ́gbọ́n, àti GCompris fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí 10. Ní 2000 ni Bruno Coudoin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ GCompris. Orúkọ rẹ̀ ń dún bí gbólóhùn Faransé tí ó túmọ̀ sí “ó ti yé mi”. Ìṣirò, álífábẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀sì wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi dúráìfù kékeré pín in sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé rẹ̀, kò sì ru òfin kankan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní 2012, Abíọ́lá Ọláníran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Fóònù Windows ni ilé-iṣẹ́ náà fi gbajúmọ̀. Àwọn ènìyàn sì gba eré rẹ̀, bíi Gidi Run, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Nígbà tí ó di Oṣù Kejìlá 2019, Microsoft ti ọjà tí a ti ń gba ètò sórí fóònù Windows 8.1 pa. Àwọn tí ó ṣe eré kò ṣẹ̀; ẹni tí ó ni ọpọ́n ni ó gbé ọpọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé Doom, tí a tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta ní 1997. Títí di òní, bí ẹ̀rọ tuntun kan bá jáde, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi gbé Doom sórí rẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ọ̀dọ́ tí ó ń béèrè nìyí: eré tí o ń dá ṣe yóò ṣiṣẹ́ lórí Linux lọ́pọ̀ ìgbà, bí kọ̀ǹpútà rẹ bá lágbára tó, eré tí ó ní oníbodè lè má ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù EA sì wà nínú wọn. Yẹ eré rẹ wò kí o tó ṣí kúrò níbi tí o wà.

Ṣùgbọ́n fún àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux, a sì lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀rọ̀ inú eré bíi GCompris wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì ka ohùn tirẹ̀ sí i láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa bá fi ìsinmi ọdún kan ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ Ìjìó lè gbọ́ Yorùbá Òkè-Ògùn láti ẹnu kọ̀ǹpútà nígbà tí ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ọpọ́n náà kò ní olówó tí yóò gbé e lọ. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti jókòó tì í.