Ìrìn-àjò ẹbí sí Arigbo: kí arúgbó àti ọmọdé lè jọ gbádùn rẹ̀

Àwọn àgbà ní: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Arigbo.

Arigbo wà ní Ìdáàṣà, ìlú tí a tún ń pè ní Dassa-Zoumè, ní ọ̀nà tí ó ti Kútọnu lọ sí Parakou. Láti ọdún 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà Mímọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò ń wọ́ wá láti gbogbo ilẹ̀ Benin àti láti òkèèrè. Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni a ń pe Ìdáàṣà. Nítorí náà, ẹni tí kò wá gbàdúrà pàápàá lè wá gun òkè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí ènìyàn méje fẹ́ lọ: ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, bàbá, ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà àti ọmọ ọwọ́. Bí gbogbo wọn bá gun òkè gíga, ìyá àgbà lè ṣubú. Bí gbogbo wọn bá jókòó tì í, inú àwọn ọ̀dọ́ kò ní dùn. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà òtútù, àwọn ẹbí ń lọ sí orí òkè tí yìnyín bò. Wọ́n ń de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Síkì ni orúkọ eré náà. Àwọ̀ ni a fi ń sàmì sí ọ̀nà ibẹ̀: àwọ̀ ewé ni ó rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, pupa le, dúdú ni ó le jù. Olúkúlùkù ń gba ọ̀nà tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jọ jẹun.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí apá kìíní, ohun tí agbára rẹ̀ ká sí apá kejì, ohun tí kò gbọdọ̀ gbàgbé sí apá kẹta: òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pá, omi, aṣọ ọmọ. Ẹ bi ìyá àgbà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ má ṣe bá a dáhùn.

Kí ìyá àgbà jókòó sí ibi òjìji nítòsí ihò àpáta. Kí ọmọbìnrin kékeré gun òkè kúkúrú pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ gun òkè gíga pẹ̀lú ará ìlú tí ó mọ ọ̀nà, ẹni tí yóò sọ ibi ọ̀wọ̀ tí àlejò kì í tẹ̀. Kí wọ́n gbéra ní ìdájí, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Bí òjò bá rọ̀, àpáta á máa yọ̀: kí wọ́n dúró.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá ọmọ ni a ń fi sílẹ̀ láti tọ́jú arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Òun náà fẹ́ rí orí òkè. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò lè mú ọmọ sọnù. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sórí bébà, kí ẹ fi í sínú àpò aṣọ ọmọ. Ẹ fi ẹnu kò sí ibi tí gbogbo yín yóò ti pàdé, àti wákàtí rẹ̀.

Nígbà tí ogun Dàhòmì ń jà, àwọn òkè wọ̀nyí ni ibi ìsádi àwọn ará Ìdáàṣà. Kì í ṣe alágbára nìkan ni ó nílò ààbò nígbà náà. Lónìí, ìgbádùn ni a ń bá lọ, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: àjò ẹbí dára nígbà tí kò sí ẹni tí a gbàgbé sẹ́yìn.