Owó Ẹ̀kọ́ Láti Òkè Òkun: Ta Ni Yóò San Án?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, owó tí ó ń ti òkè òkun wá láti fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé. Bí àwọn mìíràn bá ti gbọ́ pé Báńkì Àgbáyé fi owó ran yunifásítì kan lọ́wọ́, wọn a ní Òyìnbó tún ṣe wá lóore. Oore wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ó súnmọ́ wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 150 dọ́là fún ibùdó ìmọ̀ 19 ní àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà. Mílíọ̀nù 70 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, ibùdó kan kò sì lè gbà ju mílíọ̀nù 8 lọ. Mẹ́ta bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ti Ifẹ̀ dá lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ti Abẹ́òkúta lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú àyíká, ti Ede lórí àrùn tí ń ranni. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò ni. Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, adìẹ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ooru tiwa kì í ṣe ooru Yúróòpù, ìwé tí a sì kọ nípa adìẹ ilẹ̀ òtútù kò lè sọ gbogbo ohun tí ń pa òròmọdìẹ ní Tógò. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ń fẹ́ onímọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni a ń rán ọmọ lọ, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í padà. Àwọn tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ wá wò ó bí a ti ń ná ọjà: kì í ṣe gbogbo ọjà ni ó gbọ́dọ̀ ní gbogbo nǹkan. Ẹni tí ó ń wá ìmọ̀ adìẹ, kí ó lọ sí Lomé. Ẹni tí ó ń wá ìmọ̀ àrùn, kí ó wá sí Ede.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń san owó náà ni ó wù mí jù. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe pẹ̀lú bíríkìlà: a kì í kó gbogbo owó fún un lọ́jọ́ kan. Bí ògiri bá ti ga tó ni owó ń jáde tó. Báyìí náà ni báńkì ṣe. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ibùdó gbà ni wọ́n ń wò; owó tí ó ń wá nítorí obìnrin pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ti ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn sì pọ̀ ju ti onílé. Wọ́n ń wo ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n ń wo owó tí ibùdó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìnáwó tí àwọn ará ìta ti yẹ̀ wò.

Ní ọdún 2015 àjọ ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè àgbáyé gbé ètò 17 kalẹ̀ fún ìdàgbàsókè tí yóò tọ́jọ́. Ẹ̀kọ́ ni ìkẹrin. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́ kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti mọ̀: kí a jẹ iṣu ọdún yìí, kí a má jẹ èbù mọ́ ọn. Ìbéèrè wa nìyẹn. Ṣé èbù ni a fi owó yìí rà, àbí iṣu àsun?

Ẹ wo Ede. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ibùdó náà wà lára àwọn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n fi mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Oṣù mẹ́ta péré ni báńkì fọwọ́ sí owó rẹ̀ kí Ebola tó dé, ìjọba Amẹ́ríkà náà sì ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí náà n kò ní gbé gbogbo ìyìn fún báńkì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2020, lẹ́yìn tí kòrónà dé, Ede ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó jáde ní Áfíríkà, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èbù ni mo pe ìyẹn.

Ó ku gbèsè. Ẹ̀ka báńkì náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960 ni ó yá wa lówó, èlé rẹ̀ kéré, ọdún rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó tọwọ́ bọ̀wé, kì í ṣe yunifásítì. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́, tí ọmọ rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, wà lára àwọn tí yóò san án. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà: ẹni tí ó jẹ owó náà àti ẹni tí ó ń sin ín lè má jẹ́ ẹnìkan náà.

Kì í sì í ṣe náírà ni a yá. Ní 2014, dọ́là kan kò tó náírà 200. Ní ìparí 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Mílíọ̀nù 8 dọ́là ti ibùdó kan, tí kò tó bílíọ̀nù 1.6 náírà nígbà tí a tọwọ́ bọ̀wé, ti di ohun tí ó ju bílíọ̀nù 12 lọ.