Owó Bàbà Abọwọ́ ti Ilẹ̀ Sàró

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé bàbà rìbìtì yìí lé àtẹ́lẹwọ́, tí ó wá iye owó lára rẹ̀ títí tí kò rí i, lè pè é ní ohun ìrántí lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: owó ni. Iwájú rẹ̀ ni òyìnbó kan àti ènìyàn dúdú kan ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rí ahéré wẹ́wẹ́ lẹ́yìn wọn, àti àwọn tí ń jó yí igi ká bí ẹni ń ṣọdún (ijó náà yá jù lójú tiwa, nítorí ẹkún àwọn tí a kó kọjá òkun kò tíì dá). Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ara rẹ̀ ní ará ni gbogbo wa, àti pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú ní 1807.

Ẹ yí i padà: èdè Lárúbáwá ni ó kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, èdè tí àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò òkè ilẹ̀ Sàró ń kà, ó sì pe Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Súlútáànù. Ilé òwò Macaulay àti Babington, tí ń ṣòwò ní Freetown, ni ó ni owó náà. Macaulay inú orúkọ yìí, Zachary Macaulay, ti jẹ gómìnà ibẹ̀ rí. Kí ọdún tí a kọ sí i má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ: nǹkan bí 1814 ni a tó rọ ọ́. Freetown yìí náà ni a sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀ sí, Àjàyí Crowther, tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn, sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822.