Bí Ojú Ilẹ̀ Ṣe Ń Darí Àgbàrá ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, kì í ṣe bí òjò náà ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń pinnu ilé tí omi yóò wọ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga sí, ibi tó dà sí, àti bí ó ṣe ga tó sí odò tó sún mọ́ ọn jù lọ ní ipa tiwọn. Ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, ṣeé fi ìṣirò tọpasẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò bá ka ojú ilẹ̀ sí.

Ẹkùn odò ni gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan náà. Àwọn onímọ̀ omi a máa ṣe àwòṣe ìṣirò fún irú ẹkùn bẹ́ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè fi iye òjò tó rọ̀ sọ iye omi tí yóò dé inú odò àti ìgbà tí yóò dé. Púpọ̀ nínú àwọn àwòṣe àtijọ́ mú odidi ẹkùn bí garawa kan ṣoṣo, tí omi ń wọ̀ láti òkè tó sì ń jò nísàlẹ̀, láìbìkítà pé omi orí òkè àti omi inú àbàtà kì í rìn bákan náà. Ní ọdún 1979, Keith Beven àti Mike Kirkby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwòṣe TOPMODEL jáde. Wọ́n mú ìwọ̀n ilẹ̀ tó ń da omi sí ibì kan, wọ́n fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ pín in, èyí sì ń fi hàn pé ibi tí omi ń wọ́ sí láti ọ̀nà púpọ̀, tí kò sì dà tó láti tètè lé omi lọ, ni ilẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ mu omi yó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi iṣẹ́ wọn nínú igbó Amazon, gbé ìwọ̀n HAND kalẹ̀, èyí tí kì í wo gíga ilẹ̀ sí òkun, bí kò ṣe gíga rẹ̀ sí odò tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí. Ní ọdún 2010, Hubert Savenije, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dábàá FLEX-Topo, tó pín ẹkùn odò sí àbàtà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti òkè pẹrẹsẹ, tó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀: àgbàrá a máa ṣàn lójú ilẹ̀ ní àbàtà, omi a máa yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì máa wọ ilẹ̀ lọ jinlẹ̀ lórí òkè pẹrẹsẹ.

Ìpín mẹ́ta yìí hàn kedere ní ẹkùn Odò Ògùn, tó ṣàn láti àwọn òkè ìhà Ṣakí, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, títí dé ọ̀sà Èkó. Ní Festac, tó wà ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀rọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ láàárín àbàtà àti àwọn odò tó tan mọ́ ọ̀sà. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, pípín tí TOPMODEL ń fi í pín nǹkan a máa mú òǹkà gàgàrà jáde, èyí tí kò sọ ohun tó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gíga sí odò ló kù láti gbára lé, ṣùgbọ́n odò ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí pé omi òkun a máa kún, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Òjò tó bá rọ̀ nígbà tí omi ti fà yóò rí ẹnu kánáàlì jáde. Òjò kan náà, bí ó bá bá ìkún pàdé, yóò dá padà sínú gọ́tà àdúgbò. Àwòṣe tí kò bá ka wákàtí ìkún àti ìfà sí yóò ṣi ará Festac lọ́nà.

Ìṣòro kejì ni máàpù. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour fi rédà wọn gíga ojú ilẹ̀ ayé fún ọjọ́ 11, àwọn onímọ̀ káàkiri Áfíríkà sì ń lo ìwọ̀n náà títí di òní. Àmọ́ òrùlé àti orí igi ni rédà náà sábà ń rí nínú ìlú, àṣìṣe mítà mélòó kan sì tó láti bo gbogbo ìyàtọ̀ gíga tó wà láàárín òpópónà kan àti òmíràn ní Festac. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Bristol gbé máàpù kan jáde ní ọdún 2022 tó yọ ilé àti igi kúrò, èyí tó dára jù. Síbẹ̀, ojú ilẹ̀ ti yí padà láti ọdún 2000: wọ́n ti fẹ títì Èkó sí Badagry, ojú irin tó gba àárín títì náà sì ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ibi tí wọ́n ti gbé títì ga, àgbàrá kò lè ré e kọjá àfi níbi tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún un.

Èyí tó yẹ kó ká èèyàn lára jù ni yanrìn tí wọ́n ń dà sínú àbàtà láti fi kọ́lé. Lójú FLEX-Topo, ẹni tó dí àbàtà ti yọ ilẹ̀ kan kúrò ní ìpín kan bọ́ sí òmíràn. Ilẹ̀ tirẹ̀ ga, omi tí àbàtà náà ń gbà tẹ́lẹ̀ sì di ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ìṣirò lè fi ilé tí omi náà yóò lọ hàn kí yanrìn àkọ́kọ́ tó balẹ̀, nítorí náà kò bójú mu kí àṣẹ dídí àbàtà jáde láìṣe é. Ohun tó ń béèrè kò ju wíwọn gíga ilẹ̀, gọ́tà àti kánáàlì láti ilẹ̀, kí ó péye dé sẹ̀ǹtímítà, kí a sì fi òṣùwọ̀n òjò àti òṣùwọ̀n omi odò sí ibi mélòó kan láàárín Mile 2 àti Satellite Town, kí àwọn tó ń ṣe àwòṣe lè fi ohun tí wọ́n ṣírò wé ohun tí omi ṣe.